Bí Mo Ṣe Fi Obì Ṣàlàyé Ẹ̀jẹ̀ fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n tú ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín èmi àti bàbá mi palẹ̀ fún yín. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Bí mo bá ń jẹun, ó wà ní ọ̀fun mi. Bí mo bá ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, á kàn ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, màá sì dákẹ́. Wọ́n á ní, "Bọ́lá, ṣé ara ẹ yá?" Ara mi yá o! Ọkàn mi ni mi ò lè sọ pé ó yá.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́. Olóbì ni bàbá mi. Ẹ má rò pé obì inú àwo ìsọmọlórúkọ ni mò ń wí o! Gbànja ni, èyí tí wọ́n ń fi ewé dì sínú agbọ̀n ńlá, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Kánò. Inú òórùn ewé tútù ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ yẹn náà ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Bàbá mi ń mu sìgá. Ó ní òtútù ilẹ̀ Haúsá ló kọ́ òun nígbà tí òun ń bá ọkọ̀ ojú irin gbé obì lọ sókè nígbà èwe òun. Ìyá mi á ní Ṣàgámù kò kúkú tutù, kí ló dé tí kò wá fi sílẹ̀? Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Bọ́lá, ọ̀rẹ́ ni. Ṣé torí pé ilẹ̀ ti mọ́ ni ká wá lé ọ̀rẹ́ tó bá wa sùn?"

Ní ọdún tí mo jáde yunifásítì, wọ́n fi mí sí láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ọdún yẹn náà ni bàbá mi fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ lọ ya fọ́tò àyà. Ó ya á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfi bí wọ́n ṣe rí nǹkan kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀! Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Kò wúkọ́ o. Kò rù. Ó ṣì ń dá agbọ̀n obì gbé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kí wọ́n mú un wá sí Ìbàdàn, níbi tí mo wà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Èkìtì kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, sọ pé ó ṣì kéré, kò tíì rìn kúrò lójú kan, kí àwọn tètè là á, kí àwọn gé e dànù.

Bàbá mi kọ̀.

Ó ní irú kí lèyí? Ẹni tí kò ṣàìsàn ni wọ́n fẹ́ là láyà? Ó ní òun rí ọkùnrin kan ní àdúgbò Ìjòkú tó wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, orí ni wọ́n fi gbé e jáde. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, bẹ̀ ẹ́. Ìmáámù bá a sọ̀rọ̀. Á gbọ́, á mi orí, á tún tan sìgá mìíràn. Ìyá mi wá fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní èmi ni mo kàwé, èmi náà ni kí n wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, mo ti kàwé nípa nǹkan kan. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń da ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀, a sì lè wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ rí i pé láàárín àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì kéré, àwọn tí nǹkan yìí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ̀yìn tiwọn má dára tó ti àwọn tó kù. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe sọ ọ́? Ó ṣeé ṣe. Gbólóhùn kékeré yẹn ni gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Mo yọ dókítà lẹ́nu títí ó fi gbà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wò. Nígbà náà, láàbù tiwa kò lè ṣe é. Wọ́n fi yìnyín sí ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ dókítà sì bá wa gbé e wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí èsì dé, dókítà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ó ga.

Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ fún mi pé, "Bọ́lá, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Kò mọ bàbá ẹ." Ó ní sìgá nìkan pàápàá lè gbé e sókè díẹ̀, ó sì ní ohun tó jẹ òun lógún jù ni bí yóò ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé nǹkan náà kúrò. Mo ní mo gbọ́, sà. Mo gbọ́ lóòótọ́! Mi ò lè purọ́ pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́ ọ yéké.

Ọjọ́ Sátidé ni mo délé. Bàbá mi wà nínú ilé obì, ìyẹn yàrá ńlá tí a ń kó agbọ̀n sí, òun pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣa obì. Ó jókòó sórí àpótí, sìgá wà lẹ́nu rẹ̀.

"Dókítà ti dé o!" ó ní. Èmi kì í ṣe dókítà, ó sì mọ̀. Láti ìgbà tó ti rí mi nínú aṣọ funfun láàbù ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó wo báàgì mi. "Ṣé ọ̀bẹ lo kó sínú ìyẹn?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Mulí, tó ti ń bá a ṣa obì kí wọ́n tó bí mi, ní kí n jọ̀ọ́, bí mo bá máa gé bàbá, kí n dúró kó sanwó iṣẹ́ àwọn ná.

Mo ní, "Bàbá, èsì ẹ̀jẹ̀ yín ti dé láti Lọ́ńdọ̀n. Nọ́ńbà rẹ̀ ga."

"Nọ́ńbà? Mọ́tò ni ẹ̀jẹ̀ mi ni, tó fi ní nọ́ńbà?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ti ronú lórí ohun tí mo máa sọ láti Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ ti dà nù lọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyẹ̀fun díẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n kan, èyí tí kòkòrò obì máa ń gbẹ́ dà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu, àfi bí ẹni pé ẹnìkan fi rán mi.

Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ agbọ̀n tí ẹ ò tíì tú, kí lẹ máa sọ?"

"Pé kòkòrò ti wà nínú ẹ̀."

"Bí ìyẹ̀fun náà bá pọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé wọ́n ti pọ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ olóbì wo ni kò mọ̀yẹn?"

Mo ní, "Ìyẹ̀fun yẹn la rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá. Ó sì pọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Mulí mú obì kan dání, kò jù ú sínú agbọ̀n, kò sì fi sílẹ̀. Bàbá mi yọ sìgá kúrò lẹ́nu, ó tẹ iná rẹ̀ pa mọ́ ẹsẹ̀ àpótí.

Ó ní, "Ó dá ẹ lójú?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni mo máa ń padà sí nínú ọkàn mi. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló wà lórí ahọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Sìgá lè wà nínú rẹ̀. Kò mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá mi, mo rí i pé ẹ̀rù ti bà á fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ronú pé bí mo bá ti fi "bóyá" kan ṣoṣo kún un, á tún rẹ́rìn-ín, á tún tan sìgá, á sì kú. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Mi ò fẹ́ kó kú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. Kí wọ́n là mí."

Ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Mo ń rìn bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ! Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń gbàdúrà fún mi. Mo padà sí Ìbàdàn, mo bá wọn ṣètò bẹ́ẹ̀dì, mo bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, mo ń ṣe gìrìgìrì kiri.

Mi ò mọ ohun tó ń lọ nílé.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí, tó yẹ kí ọmọ olóbì má gbàgbé. Olóbì tó bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ agbọ̀n kì í dúró. Kì í sọ pé òun á tún un dì, kí òun wo bó ṣe máa rí. Ọjọ́ náà gan-an ló máa wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayé bàbá rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n! Ojú mi ni wọ́n ti ń ṣe é láti kékeré! Mo fi ìyẹ̀fun ṣàlàyé fún un, mi ò wá ronú pé yóò parí àlàyé náà fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe kírun tán, bàbá mi kó àwọn àgbà ẹbí jọ sí iwájú ilé. Ó dìde, ó ní ara òun ti di agbọ̀n tí kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó tó jẹ òun tán, òun fi ilé obì, agbọ̀n inú rẹ̀, àti gbogbo oníbàárà òun ní Kánò lé àbúrò òun lọ́wọ́. Ó ní òun kò lọ sí Mẹ́kà mọ́, kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kó fara balẹ̀. Ó ní òun ti fara balẹ̀. Wọ́n ṣe àdúrà Fátíà lé e lórí, ó parí.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo dé láti wá mú bàbá lọ sí Ìbàdàn. Kò kí mi káàbọ̀.

"Kí lo sọ fún ọkọ mi nílé obì yẹn?"

Mo ní mo kàn ní kó gbà kí wọ́n là á ni.

"Èmi ní kí o bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Èmi kò ní kí o sìnkú ẹ̀ lójú ẹ̀!"

Ó yẹ kí n lọ bá bàbá mi lójú ẹsẹ̀. Kí n ní, Bàbá, ẹ dúró, mi ò sọ ọ́ pé. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ṣé á ṣì tẹ̀ lé mi lọ sí Ìbàdàn? Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé báàgì rẹ̀ sínú mọ́tò, mo sì pa ẹnu mi dé. Ìgbà kejì nìyẹn. Ní ti àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu mi. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, mo jókòó tì í láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn ni, mo ń wo igbó lójú fèrèsé.

Wọ́n là á. Ọlọ́run ṣe é, ó jí. Ó ṣòro fún un láti mí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Kò fẹnu kan sìgá mọ́. Kí ó tó kúrò ní Ìbàdàn ló ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà, ó ń bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gun iyán nílé wọn ni, tí ọwọ́ rẹ̀ fi le tó báyìí.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, a tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Èsì dé. Ó ti wálẹ̀! Kò yàtọ̀ sí ti èmi tàbí ti ẹ̀yin. Dókítà ní àmì tó dára ni, ṣùgbọ́n ká ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù bí ẹni tí iná ń jó nídìí.

Ó jókòó síwájú ilé. Bàbá mi tí kì í jókòó ní àárọ̀! Mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó wò mí pẹ́.

"Ìyẹ̀fun náà ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Agbọ̀n tó bá ti ń da ìyẹ̀fun kì í dédé ṣíwọ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ìdájọ́. Mo sọ ohun tí dókítà sọ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn àti nípa sìgá. Mo sọ pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé bí ẹ̀rù ṣe bà mí, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, bí mi ò ṣe rí oorun sùn. Ẹ̀yin náà ti rí i pé mo máa ń ṣàlàyé jù.

Kò bá mi wí. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé o sọ fún mi pé bóyá ni, mi ò bá má lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé mi dé ibi tí o fẹ́, òun náà ló gbé mi dé ibi tí o ò fẹ́."

Bàbá Kékeré gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun gba ilé obì rẹ̀ padà, òun kò ṣe ojúkòkòrò. Bàbá mi ní ohun tí òun fi ẹnu òun fún un níwájú àwọn àgbà lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n ṣe Fátíà sí, òun kò ní wá fi ẹnu kan náà gbà á padà. Ó ní kó dìde, kó lọ wo obì rẹ̀.

Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn. Àwọn oníbàárà láti Kánò ṣì ń wá. Wọ́n á dúró, wọ́n á kí bàbá mi, wọ́n á béèrè àyà rẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ sílé obì. Òun á máa wo ẹ̀yìn wọn. Bí mo bá wà nílé, mo máa ń wọ inú yàrá lọ kí n má bàa rí i.

Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ tún pé. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ láti mú un wọlé lọ rí dókítà, bí mo ṣe máa ń ṣe. A dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó na ọwọ́ sí bẹ́ńṣì tó wà níta.

"Dókítà," ó ní, "dúró níbí."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Bàbá, kí n bá yín wọlé kí n lè ṣàlàyé."

"Ìdí tí mo fi ní kí o dúró nìyẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ fúnra mi."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó láàárín àwọn ará ilé aláìsàn, pẹ̀lú aṣọ funfun mi lọ́rùn. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ní àkókò kan dókítà sọ̀rọ̀ títí, bàbá mi kò dáhùn rárá. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín wo nìyẹn? Ẹ̀rín ìdùnnú ni àbí ẹ̀rín àgbà tó ti gba kámú?

Ó jáde. Mo dìde, mo gbé báàgì rẹ̀. A rìn dé ìdí mọ́tò kí n tó lè bi í pé, "Bàbá, kí ni dókítà sọ?"

Ó ní, "Ó ní kí n máa jẹun."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Ó ní kí n kí ẹ." Ó wọ mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀nà Ìlárá tí òjò ti bàjẹ́.

Mo lè wá èsì yẹn o. Láàbù ni mo wà. Bí mo bá fẹ́, màá mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí oúnjẹ, gbogbo ara mi á dúró. Ó máa ń rí mi. Á mu omi, á sì máa jẹun lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ dókítà lọ sílé, kó gbé e délé tòun ti "bóyá" inú rẹ̀. "Bóyá" kì í ṣe èérí ara ọ̀rọ̀ tí a máa fọ̀ dànù kó lè mọ́. Ara ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rù lè mú ènìyàn ṣe ohun tí a fẹ́, ṣùgbọ́n a ò lè sọ fún un ibi tó máa dúró.

Síbẹ̀, bàbá mi wà láàyè. Bí mo bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ṣé ó máa wà? Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ délé rí, tí ẹ bù kún un tàbí tí ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìfẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín. Ẹ sì tún bá mi dá sí èyí: ṣé kí n tún bi í ni, àbí kí n dúró sórí bẹ́ńṣì níbi tó fi mí sí?